Ìmọ́lẹ̀ Tí Wọ́n Fi Ń Wo Ìyàwó

Ìmọ́lẹ̀ kan wà létí odò Jamuna tí àwọn ará ibẹ̀ fún ní orúkọ tirẹ̀. Ó máa ń dé nígbà tí oòrùn bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé ojú omi, tí gbogbo nǹkan á pọ́n bí oyin fún ìgbà díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń wo ìyàwó ni wọ́n ń pè é. Nínú rẹ̀, ọmọbìnrin tó dúdú á dà bí ẹni tó pupa díẹ̀, èyí tí iṣẹ́ ti fi ara rẹ̀ gbolẹ̀ á dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sinmi. Ìyá tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lórí ọmọ rẹ̀ a máa bẹ alárinà pé àkókò yẹn gan-an ni kí ó mú àwọn àna wá, kí wọ́n má yá jù, kí wọ́n má sì pẹ́ jù.

Anjuara mọ ìmọ́lẹ̀ yìí láti kékeré. Láti ọjọ́ tí iná ti jó o ni Jomila, ìyá rẹ̀, ti ń sọ ọ́ sí i létí bí ẹni tó ń ka oògùn tí dókítà kọ: "Ìwọ, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa wò ọ́." Àpá náà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ etí òsì, ó gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀ dé egungun èjìká, ó ń dán, ó sì hun jọ bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù sun. Ọmọ kékeré ni nígbà tí fìtílà bú gbàmù níwájú rẹ̀ níbi tó ti ń jẹun. Lọ́sẹ̀ kan náà, fìtílà bú ní ilé méjì mìíràn ní erékùṣù iyanrìn tí wọ́n ń gbé nígbà náà, ibì kan náà ni gbogbo wọn sì ti ra epo: ṣọ́ọ̀bù Torab Ali, olórí abúlé Dhulabari, ní òdì kejì omi. Kẹrosíìnì ní òórùn tirẹ̀; èyí ń rùn bí bẹntiróòlù. Ṣùgbọ́n Torab ló ń pín ilẹ̀ tuntun tí odò bá tu jáde, kò sì sí ẹni tó ń retí ilẹ̀ tó máa bá a ṣe ẹjọ́ nítorí epo. Àwọn àgbàlagbà ní àmúwá Ọlọ́run ni. Báyìí ni wọ́n ṣe di ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin kan lé Ọlọ́run lórí, tí wọ́n sì lọ sùn. Nígbà tó yá, odò gbé erékùṣù náà lọ, olúkúlùkù sì ru páànù òrùlé rẹ̀ lọ síbòmíràn. Jomila àti ọmọ rẹ̀ kọ́lé sí etídò tó dojú kọ Dhulabari.

Ìjọba kì í ri òpó iná mọ́ ilẹ̀ tí omi lè gbé lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta sólà fún àwọn ará erékùṣù, wọ́n wá àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n lè kọ́ níṣẹ́, nítorí pé ọkùnrin àjèjì kò lè wọ yàrá àwọn obìnrin lọ fa wáyà. Anjuara wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ pa fìtílà run ní gbogbo etídò náà, ilé kan lẹ́yìn òmíràn.

Orí òrùlé opó kan tó ń jẹ́ Kohinur, ní Dhulabari, ni ó wà nígbà tí ó gbọ́ ohùn ọkùnrin nísàlẹ̀.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè yẹn, ṣé ẹ fẹ́ kébi pa wá ni?"

Anjuara ń fi sípánà de bóòtù mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, kò wo ìsàlẹ̀. "Ta ni 'wa'?"

"Àwa tá à ń tepo. Mokhles lorúkọ mi. Ọmọ Torab Ali."

"Imú mi ti mọ bàbá yín tipẹ́."

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

"Ó túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ gbé agolo yín padà. Ìyá ò ra epo mọ́."

Kohinur yọ orí lẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Màá ra díẹ̀. Tí iná yín bá já mi kulẹ̀ lọ́jọ́ kan ńkọ́? Ṣé o máa sáré gbé oòrùn wá fún mi ni?"

"Ẹ gbọ́ báyìí," ni Mokhles wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Oníbàárà mi ò tíì kú."

Afẹ́fẹ́ odò fẹ́ lójijì, ó ṣí ìborùn kúrò lọ́rùn Anjuara, ó sì gbé e lọ lé agolo epo lórí. Mokhles mú un, ó sì gbójú sókè. Anjuara dúró de ohun tó ti mọ̀: ojú èèyàn a bà lé àpá náà, a sáré kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún, a wá lọ máa wo ilẹ̀ pẹ̀lú àánú. Ojú ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò sá. Ó gun àkàsọ̀, ó na ìborùn náà sí i.

"Afẹ́fẹ́ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́."

"Ẹ ti rí i tán?"

"Kí ni?"

"Ẹ má ṣe bí ẹni tí ò rí nǹkan kan."

"Mo rí ọrùn," ó ní. "Gbogbo èèyàn ló ní in."

Anjuara gba ìborùn. Ó fẹ́ bínú sí i, inú náà kò bí i. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó rí i pé òun kò de bóòtù tó gbẹ̀yìn, ó sì ní láti tún gun òrùlé.

*

Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé epo Torab ló ń gbé pánẹ́ẹ̀lì Anjuara kọjá láti ìgbà náà. Àwọn èèyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Iná àti epo nínú ọkọ̀ kan," ni wọ́n ń sọ, "ẹ rọra o." Mokhles a máa jókòó sí apá òsì rẹ̀, ibi tí àwọn yòókù kì í jókòó sí, a sì máa bi í ní ìbéèrè tí ó ti mọ ìdáhùn wọn: báwo ni oòrùn ṣe ń wọ inú bátìrì, kí ló dé tí iná náà fi funfun tó bẹ́ẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń rùn ní epo. Ó ya Anjuara lẹ́nu pé òórùn tó máa ń mú kí ó fẹ́ sá ti di òórùn tó ń retí létí omi.

Nígbà tí òjò dá, wọ́n ti fi "ẹ" sílẹ̀, wọ́n ti ń pe ara wọn ní "ìwọ", tí kò bá sí ẹni tó ń gbọ́.

"Màá rán alárinà sí ìyá rẹ," ni Mokhles wí lọ́jọ́ kan ní àárín omi.

"Bàbá rẹ á rí ọrùn mi."

"Kí wọ́n rí i."

"Wọn á ní kí ìborùn kúrò. Wọn á ní kí n tú irun. Wọ́n máa ń wo èèyàn bí màlúù, ìwọ náà mọ̀. Nígbà tí wọ́n bá rí i, kí lo máa sọ?"

"Ohun tí mo máa sọ níwájú àáfà náà ni. Kobul."

Kobul ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń so yìgì níbẹ̀. Mo gbà ni ó túmọ̀ sí, ẹni tó bá sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kò lè sọ pé òun kò sọ ọ́.

"Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Ó sọ ọ́. Ó tún un sọ. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó kígbe rẹ̀ débi tí àwọn ẹyẹ lékèélékèé fi fò lórí iyanrìn, tí atukọ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Anjuara fi ìborùn bo ẹnu. Ayọ̀ kún inú rẹ̀, síbẹ̀ nǹkan kan nínú rẹ̀ kò jókòó. Omi fẹ̀, bàbá Mokhles sì jìnnà. Ó ń rò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà á lè jáde nínú yàrá, níbi tí Torab Ali ti ń wú ikọ́.

*

Joynal ni alárinà náà, bàbá arúgbó kan tí kì í jáde láìmú agboòrùn dúdú lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ àkókò ọ̀gbẹlẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní Jomila, ó sì ń sín gbogbo ilé Torab jẹ.

"Torab ní, 'Ọmọ tó ń gun òrùlé onílé kiri bí ológbò?' Mo ní, 'Ológbò tó ń mówó wálé ni, olórí.' Ìyàwó rẹ̀, Halimon, ní, 'Kí ló fi ń bo ọrùn nínú ooru yìí?' Mo ní, 'Ìtìjú ni. Ṣé ẹ ò fẹ́ onítìjú mọ́ ni?' Torab tún ní, 'Òun ló ń pa ọjà mi.' Ibẹ̀ ni mo ti mú un."

"Báwo lẹ ṣe mú un?" ni Jomila bèèrè.

"Mo ní ilé-iṣẹ́ sólà ń wá aṣojú ní Dhulabari. Mo ní ta ni wọ́n máa bi léèrè, ṣebí ọmọbìnrin tí wọ́n fọkàn tán ni? Ó wá ní kí wọ́n tún bu tíì sí ife mi."

Jomila rẹ́rìn-ín. Anjuara kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ẹ sọ fún wọn nípa ọrùn mi?"

Joynal ṣí agboòrùn rẹ̀, ó wo inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ihò, ó sì tún un pa dé. "Ọmọ mi, alárinà ni mí, mi ò kì í ṣe ẹlẹ́rìí nílé ẹjọ́. Tí wọ́n bá dé nígbà tó yẹ, tí o jókòó síbi tó yẹ, kí ló kù?"

"Mokhles á sọ ọ́ fún wọn."

"Mokhles." Bàbá náà wo Jomila, Jomila wo ilẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

*

Lọ́jọ́ ìwòran, Jomila gbé àpótí ìjókòó sí ibi tí ìrọ̀lẹ́ á ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ọmọ rẹ̀ lè kọjú sí àwọn àlejò. Ó se semáì, oúnjẹ tín-ín-rín bí sùpàgẹ́tì, pẹ̀lú mílíìkì àti ṣúgà, ó dín àkàrà ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní pítà, ó sì ní kí wọ́n ra àdídùn rosogólà wá láti ìlú. Ó pin ìborùn mọ́ irun Anjuara títí tó fi dun orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lọ dúró lójúde, ó ń wo omi.

Ọkọ̀ àwọn àna há sórí iyanrìn ní àárín odò. Láti etídò, wọ́n ń rí Torab lókèèrè tó dúró nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ níbàdí, wọ́n ń rí Mokhles àti atukọ̀ tí wọ́n wọ omi tí wọ́n ń ti ọkọ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà dé. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé gẹ́gẹ́ bí Jomila ṣe ṣètò rẹ̀, ó bà lé àpótí, ó bà lé ọwọ́ Anjuara, ó sọ àwo semáì di wúrà, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá tó máa wo nǹkan kan. Jomila wọlé, ó tún jáde. "Ẹ jọ̀ọ́," ó ń sọ fún oòrùn, "ẹ dúró díẹ̀." Oòrùn kò dúró.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí wọ́n wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún, inú sì ti ń bí Torab. Jomila tan fìtílà kan tó ti yá lọ́wọ́ aládùúgbò láìsọ fún ọmọ rẹ̀. Anjuara rí i, ṣùgbọ́n ó jókòó.

Halimon, obìnrin sísanra tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹ̀gbà, wo fìtílà náà, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ilé ẹni tó ń tan iná fún gbogbo ayé, fìtílà lẹ wá tàn fún àwa? Àbí iná wà fún títà nìkan ni?"

"Ìyẹn ò dáa lójú lálẹ́, Ìyá Mokhles," ni Jomila wí. "Ó máa ń ta èèyàn lójú."

"Ẹ jẹ́ n fi hàn yín, ìyá mi," ni Mokhles wí. Ó dìde, ojú rẹ̀ ń dán. "Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é."

Ó sì tẹ súìṣì.

Ìmọ́lẹ̀ funfun bọ́ lulẹ̀ bí omi tútù. Títí di òní, Anjuara kò lè sọ bóyá ó gbàgbé ni, tàbí ó rò pé bí ojú tirẹ̀ ṣe rí ni ojú gbogbo èèyàn rí.

Halimon ní kí ó rìn. Ó rìn. Ó ní kí ó fi ẹsẹ̀ hàn. Ó fi í hàn. "Irun ńkọ́? Ṣé tirẹ̀ ni, àbí wọ́n rà á?" Ó fa ìborùn fúnra rẹ̀, pínnì já, ìborùn sì tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀.

Torab gbójú kúrò nínú àwo semáì.

"Kí nìyẹn?" ni Torab bèèrè.

"Ọmọdé ni nígbà náà, olórí," ni Jomila wí. "Fìtílà ni."

"Joynal. O mú wa gba inú ẹrẹ̀ wá wo èyí?"

"Olórí, ìwà rẹ̀ dáa, ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, ilé-iṣẹ́ náà sì…"

"Panu dé."

Halimon ti fi ìka tẹ àpá náà bí ẹni tó ń dán búrẹ́dì wò lọ́jà. "Ó le. Ṣé ó dé àyà? Tó bá bímọ, kí lọmọ máa mu?"

Anjuara kò gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Torab ni ó kọjú sí. "Epo ṣọ́ọ̀bù yín ni, bàbá. Ọdún tí ilé mẹ́ta jó ní erékùṣù wa."

Torab gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó wú ikọ́. "Gbogbo ayé ló ra epo mi lọ́dún yẹn. Ẹni tí Ọlọ́run fẹ́ sàmì sí ló sàmì sí. Ṣé èmi ni kí n wá gbé àmì náà lọ sílé?"

Anjuara wá wo Mokhles. Ó rọrùn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ó ti kígbe rẹ̀ fún lékèélékèé. Mokhles ń ro tíì rẹ̀. Ṣúgà ti yọ́ tipẹ́, ó ṣì ń ro ó, ṣíbí ń kọlu ife. Bàbá rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ orí sínú ife náà bí ẹni tó fẹ́ mu ún, kò sì mu ún.

Ìyẹn nìkan kọ́. Wọn kò tíì lọ. Wọ́n jẹ semáì tán, wọ́n jẹ rosogólà tán, Torab sì ní kí wọ́n bu pítà sí i fún òun. "Ó dùn," ó ní. "Ìyá rẹ̀ mọ oúnjẹ ṣe." Anjuara jókòó sórí àpótí láìbo ọrùn lábẹ́ iná tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, títí wọ́n fi nu ẹnu.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, òkùnkùn ti bo ọ̀nà etídò. "Ẹ bá wa wá iná kan dé ìdí ọkọ̀," ni Halimon wí. Àtùpà sólà kékeré kan wà tí Anjuara fi ń ṣiṣẹ́. Jomila ń sunkún, kò lè dìde. Anjuara ló gbé e. Ó rìn síwájú wọn, ó ń tàn án sí ibi tí ẹsẹ̀ wọn máa dé, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣubú. Mokhles ló wọ ọkọ̀ gbẹ̀yìn.

"Ṣe sùúrù fún mi," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Wọn á rọ̀."

"Sọ̀rọ̀ sókè," ni Anjuara wí.

Ó wọ ọkọ̀.

*

Kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí, Torab Ali ti di aṣojú ilé-iṣẹ́ sólà ní Dhulabari. Wọn kò nílò Anjuara fún un. Ọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ àti ohùn ni wọ́n ń wá. Epo tó kù ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, pánẹ́ẹ̀lì ló gbé síwájú. Ẹni tó fi fìtílà sun ọmọ aráyé ló wá ń ta ìmọ́lẹ̀ fún wọn, wọ́n sì ń kí i kú iṣẹ́. Ó di ọ̀gá Anjuara. Òun ló ń sọ ilé tó máa lọ.

Joynal ló wá sọ fún un pé Mokhles máa gbé ìyàwó. Lipi lorúkọ ọmọbìnrin náà, ọmọ oníṣòwò kan ní ìlú, ó pupa, kò tíì pẹ́ tó jáde ilé-ìwé. Torab sì ní Anjuara ni kó wá fa iná sí yàrá ìyàwó.

"Má lọ," ni bàbá náà wí, ó ń yí agboòrùn lọ́wọ́. "Sọ pé ara rẹ ò yá. Èmi á bá ọ purọ́ ẹ̀."

"Ẹ ti purọ́ fún mi tó, bàbá."

Jomila náà bẹ̀ ẹ́. Anjuara ní bí òun bá kọ̀, Torab á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń tì í lójú: ó fẹ́ gbọ́ ọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà á há Mokhles lọ́nà ọ̀fun lọ́tẹ̀ yìí náà. Láti ọjọ́ ìwòran ni kò ti bo ọrùn mọ́. Àwọn ọmọdé a máa wò ó, òun náà a sì máa wò wọ́n padà.

Orí òrùlé ló wà ní ọ̀sán ọjọ́ ìgbéyàwó nígbà tí àáfà béèrè. Ohùn Mokhles gba abẹ́ páànù wá, ó mọ́ kedere.

"Kobul. Kobul. Kobul."

Kò há a níbì kankan. Anjuara de bóòtù tó gbẹ̀yìn, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n gbé tọkọtaya jókòó sórí ibùsùn tí wọ́n fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Àṣà wọn ni pé kí wọ́n da aṣọ pupa bo àwọn méjèèjì lórí, kí wọ́n fi dígí sí wọn lọ́wọ́, kí àwọn obìnrin sì bi ọkọ ìyàwó pé kí ló rí nínú rẹ̀. Òṣùpá ni wọ́n ń retí kó sọ. Anjuara tan iná. Ìmọ́lẹ̀ funfun bà lé ìyàwó, ó fi páúdà tó dì sí imú rẹ̀ hàn, ó fi ibi tí omijé ti la ojú rẹ̀ kọjá hàn, ó sì fi ojú ọmọdé tí ẹ̀rù ń bà hàn gbogbo èèyàn.

"Paná yìí," ni Halimon wí. "Iná tí ò nítìjú. Ó ń tú gbogbo nǹkan síta. Ẹ gbé fìtílà wá fún ìyàwó mi."

Wọ́n gbé e wá, fìtílà idẹ ńlá kan, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ epo sí i. Wọ́n gbé e sórí ibùsùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí aṣọ pupa náà gan-an. Anjuara ti paná, ó ti ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ, nígbà tí òórùn náà dé imú rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

"Ẹ gbé e kúrò lára aṣọ yẹn," ó ní. "Epo yẹn ò mọ́."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. "Ojú ń pọ́n ọn," ni ẹnìkan wí. "Ó rò pé ọdọ̀ òun ló yẹ kí wọ́n gbé e sí."

"Ìwọ lo fẹ́ jókòó síbẹ̀, àbí?" ni Halimon bèèrè. "Jáde."

"Ìyá, ẹ gbóòórùn ẹ̀. Bẹntiróòlù wà nínú ẹ̀. Ó máa bú." Ó yíjú sí ibùsùn. "Mokhles. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Inú epo lo dàgbà sí. Gbóòórùn ẹ̀, kó o sọ fún wọn."

Torab ti dé ẹnu ọ̀nà. Mokhles yọ orí lábẹ́ aṣọ pupa, ó tẹ̀ síwájú, ó gbóòórùn fìtílà náà. Anjuara rí i nígbà tó mọ̀. Ó rí i bí imú rẹ̀ ṣe sún kì, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe fa etí aṣọ ìyàwó sẹ́yìn díẹ̀ láìrò ó. Lẹ́yìn náà, ó gbójú sókè, ó rí bàbá rẹ̀.

"Kẹrosíìnì lásán ni," ó ní.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ̀rọ̀ nípa epo náà níwájú èèyàn.

Anjuara rìn lọ sí ìdí ibùsùn, ó sì fẹ́ fìtílà náà pa.

Ariwo sọ nínú òkùnkùn. Wọ́n ní ó ti pa iná ìyàwó, wọ́n ní àjẹ́ ni, wọ́n ní ẹni tó jó fẹ́ kí gbogbo èèyàn jó. Ẹnìkan fa irun rẹ̀. Ọwọ́ kan tó kún fún ẹ̀gbà gbá a létí òsì, lórí àpá gan-an. Wọ́n tì í jáde, àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e, ó tú ká sórí iyanrìn.

Torab dúró ti ẹnu ọ̀nà. "Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan pánẹ́ẹ̀lì kankan mọ́ létídò yìí. Lọ wá nǹkan mìíràn ṣe."

"Bàbá, ẹ má tún fìtílà yẹn tàn."

"Lọ."

Ó ṣa irinṣẹ́ rẹ̀ nínú iyanrìn, ó ń fi ọwọ́ wá wọn. Kò rí sípánà kékeré. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú yàrá, ó gbọ́ ohùn ìyàwó, ohùn tín-ín-rín tí kò tíì gbọ́ rí: "Kí ló dé tí ẹ ò tún tan fìtílà?" Ó gbọ́ tí wọ́n gbé nǹkan idẹ kan gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ó gbọ́ tí wọ́n da omi kan sórí iyanrìn ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, òórùn rẹ̀ sì tẹ̀ lé afẹ́fẹ́ wá bá a. Ẹnìkan tẹ súìṣì. Ìmọ́lẹ̀ funfun tú jáde láti inú gbogbo ihò ògiri páànù náà.

Kò sí ẹni tó pè é padà. Ó rìn dé etídò, ó sì jókòó ti ọkọ̀, ó ń dúró de atukọ̀ tó ṣì ń jẹun ìyàwó. Ohùn ń gba orí omi dáadáa ní àkókò yẹn. Ó gbọ́ nígbà tí àwọn obìnrin tún da aṣọ bò wọ́n, tí ẹ̀rín wọn bẹ̀rẹ̀ padà, tí wọ́n ń tì í, tí wọ́n ń bi í:

"Mokhles, wò ó dáadáa. Iná ti dé. Kí lo rí?"

Wọ́n tún bi í.

"Òṣùpá," ó ní, sókè.